Labeebah Ń Wá Ẹja Àrọ̀

Labeebah, ọmọ Ìyá Èjìdé tó ń ta aṣọ ní Marché Congo, ọjà kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Faransé, kì í ju àwọ̀n sódò, síbẹ̀ ẹja ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń gbé inú omi ló ń fi nǹkan ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣe ìpẹ́ tàbí ìgbẹ́. Labeebah a bu omi, a sẹ́ ẹ, ẹ̀rọ á sì fi àmì àbùdá, ìyẹn DNA, tó kù nínú asẹ́ sọ irú ẹ̀dá tó ni ín.

Lọ́dún tí ooru mú kọjá ààlà, odò kékeré kan lẹ́yìn ìlú fà, omi iyọ̀ òkun sì gòkè wọ inú rẹ̀. Àwọn apẹja ní àrọ̀ ti tán níbẹ̀, àyẹ̀wò àkọ́kọ́ náà kò sì rí nǹkan kan.

Labeebah bẹ ọ̀gá rẹ̀: "Chef, ẹ jẹ́ ká gòkè sí i, níbi tí igi ti ṣíji bo omi."

Ọ̀gá gbà. Àwọn méjèèjì wọ ẹrẹ̀ dé itan, wọ́n bu omi bọ̀. Nígbà tí èsì jáde, àmì àrọ̀ hàn kedere. Kíá ni Labeebah pe ìyá rẹ̀.

"Mọ̀ọ́mì, àrọ̀ ò tíì tán!"

"Ṣé o rí i lójú ni?"

"Mi ò rí i, àmọ́ ó ń bẹ níbẹ̀."

"Alihamdulilahi! O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Àwọn apẹja gbọ́, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi ibẹ̀ mọ́, kí ìbòji wọn lè máa mú omi tutù fún àrọ̀.