Abẹ Tí Rájí Fi Ń Bó Ọsàn

Ọjọ́ tí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ-ọmọ mi ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ṣe tán, ó sì sọ abẹ náà sínú garawa ìdọ̀tí. Ó dún kiin. Ìró yẹn gbé mi padà sí Ọ̀jọ́, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, tí katapílà ń wó igi àgbọn lulẹ̀ kí wọ́n lè la títì Àgbádárìgì.

Kò sí ọmọkùnrin tí kì í mú ọ̀bẹ sápò ṣòkòtò nígbà náà, ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ tó ń ká wọnú èèkù rẹ̀. A fi ń gé ìrèké, a sì fi ń fọ́nnu. Rájí ọ̀rẹ́ mi, tí wọ́n bí sí Ọ̀jọ́ bíi tèmi, ló kó ọ̀bẹ jọ jù. Èyí tó fẹ́ràn jù kì í ká rárá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ dà bí ewé. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló fi pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ìbà kan. Bó bá fi bó ọsàn, èèpo á wálẹ̀ gbọọrọ láìjá. Gbogbo ilé wa ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Olóólà, tó ń kọlà fún ọmọ àdúgbò, yà kí ìyá mi. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ Rájí tó ń bó ọsàn fún wa.

"Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti rí abẹ mi?"

Ọsàn há sí mi lẹ́nu.

"Abẹ kẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Bàbá, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń..."

"Òun náà ni. Ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé Ìbà ló jí i. Òun ni mo fi dábẹ́ fún àwọn méjèèjì yìí. Igbe tí ọmọ tìẹ ké, wọ́n gbọ́ ọ dé Okokomaiko!"

Ìyá mi sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń bì. Rájí di abẹ náà mọ́ àyà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á."

Bàbá gbà á, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ojú rẹ̀ wò. "Ta ló pọ́n ọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ó mú ju tèmi lọ. Ọsibítù ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ìgbín tí mo ń fi omi rẹ̀ wo ojú egbò, sísè ni mò ń sè é jẹ báyìí." Ó fi aṣọ wé abẹ náà. "Abẹ kì í jáde nídìílé wa. Ṣùgbọ́n bó o bá bímọ ọkùnrin, gbé e wá."

Rájí sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó fi bímọ, ilé Bàbá Olóólà ti di ilé epo. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí abẹ náà wọlẹ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lára èmi àti Rájí, àti lára ọ̀pọ̀ arúgbó tó ń rìn lọ ní Ọ̀jọ́. Ohun tó dùn mí ni pé a ò lè fi han ẹnikẹ́ni.