Àga Baálé ní Sabon Gari

Ọdún kejì tí ogun Hítílà parí ni Ṣàràfá télọ̀ lọ mú Àpèkẹ́ ìyá rẹ̀ wá láti Ìkìrun sí Sabon Gari ní Kánò. Iná ìgbà ọyẹ́ ló jó ilé wọn ní Ìkìrun, òrùlé koríko, nǹkan kan kò ṣẹ́kù. Àpèkẹ́ wọkọ̀ ojú irin tòun ti aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan, Ṣàràfá sì rò pé bó bá ti dé Kánò, ara yóò tù ú.

Ara kò tù ú. Ìyá náà kì í jókòó. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga, rírìn ni. Nurat, ìyàwó Ṣàràfá, gbé àpótí fún un, ó kọ̀. Ó tẹ́ ẹní fún un, ó jókòó díẹ̀, ó tún dìde. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà dà nínú ilé: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè ohun tó ń wá, ìdáhùn kan náà ni.

"Àga bàbá yín dà?"

Àga náà kì í ṣe àga lásán. Nígbà tí ogun Kírìjì parí, tí àwọn èèyàn wọn padà wá tún agbo ilé kọ́, bàbá bàbá Ṣàràfá ló gbẹ́ ẹ láti ara ìrókò kan tó wó. Gẹ́gẹ́ bíi baálé, orí rẹ̀ ló ti ń parí ìjà fún tẹbí tará. Nígbà tó kú, bàbá Ṣàràfá bọ́ sórí rẹ̀, òun náà sì wà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Iná ti wá sọ ọ́ di eérú.

Ṣàràfá kì í ṣe káfíńtà. Aṣọ ló ń rán jẹun, ṣùgbọ́n láti kékeré ni igi ti wù ú. Bó bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́, ayùn ló kàn. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Màá ṣe àga yẹn."

Nurat wò ó. "Bàbá Bushrat, àga tó ti jóná? Ta ló ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún yín?"

"Ojú mi rí i."

Àwọn onígi àdúgbò Noman's Land kò ní ìrókò. Mádàcì, ọ̀gànwó àwọn Hausa, ni wọ́n kó jọ, málàm tó ń tà á sì ń sọ fún un pé kó ṣe sùúrù: "Sai haƙuri." Sùúrù kò sí lára Ṣàràfá mọ́. Ó lọ bá Adédèjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, nílé rẹ̀ ní Railway Quarters, òun ló bá a gbé pákó ìrókò wá láti Òṣogbo.

Ibi ẹ̀yìn àga ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní ẹyẹ méjì ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ṣàràfá gbẹ́ ẹyẹ. Nígbà tó fi hàn án, ìyá ní, "Ẹyẹ wo? Ewé ni."

"Màmá, ẹyẹ lẹ sọ lánàá."

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Ṣàràfá rí ẹ̀rù lójú ìyá rẹ̀. Ó jáde, ó rìn dé Ọjà Sabon Gari, kò ra nǹkan kan, ó sì padà. Nígbà tó dé, ó fá ẹyẹ kúrò, ó gbẹ́ ewé. Ewé náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fọ́ pákó náà. Àwọn tó fẹ́ aṣọ ọdún ìtunu àwẹ̀ ń wá, aṣọ wọn kò tíì kúrò nílẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ti ń rìn kiri báyìí," ni Nurat wí. "Èwo ni kí n dì mú?"

Láti ìgbà náà, Ṣàràfá kò bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè mọ́. Ó fi pákó mìíràn ṣe ẹ̀yìn àga láìfín in. Ó gbé apá àga kan síwájú ìyá, ó sì ń wo ọwọ́ ìyá náà. Ọwọ́ náà rọra lọ dé òpin igi, àtàǹpàkò ń wá nǹkan kan tí kò rí.

"Ibí ni bàbá yín ti máa ń fi èékánná họ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún," ni Àpèkẹ́ wí. "Ó ti jinlẹ̀."

Ṣàràfá gbẹ́ ibẹ̀ jinlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìyá kò béèrè àga.

Nígbà tó parí, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adédèjì wá wò ó. Ṣàràfá ní kí ìyá rẹ̀ jókòó. Àpèkẹ́ dúró gbọin. Adédèjì rò pé ẹ̀rù ló ń bà á kí àga má baà wó, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dán an wò," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

"Dìde níbẹ̀," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Àga ọkọ mi ni."

"Màmá, torí yín ni mo ṣe ṣe é," ni Ṣàràfá wí.

"Ìgbà wo lo rí mi lórí rẹ̀ rí?"

Ìyá ní kí Nurat tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ àga, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀.

"Èmi náà ńkọ́?" ni Ṣàràfá béèrè. "Èmi ni àkọ́bí."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ara rẹ kò tíì balẹ̀ tó."

Adédèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ṣàràfá kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ìyá tún rìn kiri dé ọ̀sán kó tó wá síbi ẹní rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe títí ó fi lọ sílé ìkẹyìn. Ṣàràfá padà sídìí aṣọ rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó rí ìdí tí yóò fi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ó fẹ́ nu eruku, ó fẹ́ wo ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà Ìkìrun ní kó bọ́ sórí àga bíi baálé. Ó jókòó díẹ̀, ó dìde, ó ní ẹ̀yìn àga náà ga jù, ó sì lọ wá ayùn.