Olóore Tí Bàbá Clinton Kò Mọ̀

Kò sí ẹni tó ń pe Cornelius Adélékè ní Cornelius ní Houston àfi àwọn tó ń wọ ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá Clinton ni gbogbo ìjọ ń pè é. Bàbá Clinton ni Èyítáyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ń pè é. Orúkọ tí mẹkáníìkì tó ń bá a tún bíréèkì ṣe fi pa á mọ́ sínú fóònù náà nìyẹn. Ó sì fẹ́ràn orúkọ yìí dọ́ba, torí òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ronú wá a.

Lọ́dún 1995, olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní ilé ìwé girama kan ní Iléṣà, níbi tí owó oṣù ti ń wá nígbà tó bá wù ú. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, ó fi í ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà fún lọ́tìrì físà, ó sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún kejì, òun àti Èyítáyọ̀ ti balẹ̀ sí Houston pẹ̀lú àpò mẹ́ta. Clinton ló wà lórí àga ààrẹ nígbà náà, "lọ́tìrì Clinton" sì ni gbogbo àdúgbò wọn ń pè é. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Èyítáyọ̀ bí ọmọkùnrin. Bàbá ọmọ kò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà tó kó ni lẹ́rù lọ ló rí," ló wí fún àwọn tó wá sí ìsọmọlórúkọ náà. "Clinton ni ọmọ yìí máa jẹ́."

Ọmọ náà jìyà orúkọ ọ̀hún. Ọdún tí wọ́n bí i gan-an ni ìtìjú ààrẹ náà pẹ̀lú obìnrin kan kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n, nígbà tó sì máa fi wọ ilé ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní oríṣiríṣi ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ń bú u. Ó sunkún wálé lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní kí wọ́n pa orúkọ òun dà.

"Orúkọ olóore wa ni," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Òun ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ṣé o fẹ́ ká di abara-móore-jẹ ni?"

Ọmọ náà nu ojú rẹ̀. Kò bèèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Láti ọdún 1999 ni Cornelius ti ń wa ọkọ̀ àwọn tí kò lè rìn. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ọwọ́ tí a tẹ́, á gbé àga onítáyà pẹ̀lú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, á sì rọra gbé e wọlé. Ọjọ́bọ̀ ni ti Miss Evelyn. Ọmọ ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́ta ni, obìnrin dúdú tó fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nísinsìnyí, kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, Cornelius ló sì ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún un. Tí ó bá ti jókòó dáadáa, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í.

"Mister Cornelius, ààrẹ wo ni ìtàn rẹ́ jẹ lónìí?"

Lọ́sẹ̀ kan, Grant ni. "Wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Wọ́n ní olè ló yí i ká. Àwọn kan jalè lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó afaṣọbojú ń pa àwọn bàbá wa torí pé wọ́n fẹ́ dìbò, ta ló rán sójà lọ bá wọn?"

"Grant, mà."

"O ti ń gbọ́n."

Lọ́sẹ̀ mìíràn, Arthur ni, ẹni tí àwọn ọ̀gá òṣèlú gbé dépò nítorí tiwọn, tó wá fọwọ́ sí òfin pé ìdánwò ni kí wọ́n máa fi gba òṣìṣẹ́ ìjọba, kì í ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

"Ká ní Nàìjíríà ló ti ṣe é ni!" Cornelius ní.

"Ṣé wọn ò ní lé e?"

"Wọ́n á kọ́kọ́ fi í joyè, mà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lé e."

Kò fi bẹ́ẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Lójú tirẹ̀, ìyá arúgbó náà ń fọ aṣọ ìdọ̀tí fún àwọn òkú ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ọ̀nà náà sì máa ń yá.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, ọkọ̀ dí ọ̀nà márosẹ̀ pa, Cornelius sì ní òun náà ti ní ààrẹ tòun. "Clinton ni, mà. Ẹ ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn ín nítorí lọ́tìrì físà tó dá sílẹ̀. Òun ló gbé mi wá síbí. Orúkọ rẹ̀ ni mo sọ ọmọ mi."

Miss Evelyn wò ó nínú dígí ọkọ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé òun ló dá a sílẹ̀?"

"Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo yín lẹ ṣì í. Oṣù kọkànlá ọdún 1990 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin yẹn. Clinton ò tíì dé. George Bush ni. Bush bàbá."

"Bush wo? Bush tí wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfurufú wa?"

"Òun náà. Ìlú yìí ló ń gbé, ìlú yìí náà ló kú sí. Ọdún mẹ́rin péré ló ṣe, wọ́n dìbò lé e dànù. Dúró, mi ò tíì parí. Irin tó gbé mi wọ ọkọ̀ rẹ láàárọ̀ yìí ńkọ́? Òfin pé kí ẹni tí kò lè rìn rí ọkọ̀ wọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn? Oṣù keje ọdún kan náà. Ọwọ́ kan náà ló fọwọ́ sí i."

Cornelius kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú ti lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè.

"Mister, máa wakọ̀ lọ," Miss Evelyn wí jẹ́jẹ́.

Nígbà tó já a sílẹ̀ tán, ó páàkì, ó mú fóònù, ó wò ó fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó wo kàlẹ́ńdà ọdún náà: Ọjọ́bọ̀ ni ti oṣù keje, Ọjọ́bọ̀ náà ni ti oṣù kọkànlá. Òfin kan gbé e kọjá òkun, òfin kejì fún un ní iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ méjì, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì buwọ́ lu méjèèjì láàárín oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀. Orúkọ ọkùnrin náà wà lórí bọ́ọ̀dù aláwọ̀ ewé tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ló ti sọ fún ẹbí àti ará pé, "Mo ń bọ̀ wá gbé yín ní Bush," kò sì bi ara rẹ̀ rí pé ta ni Bush. Ó gbìyànjú láti rántí ibi tí òun wà ní Ọjọ́bọ̀ méjèèjì yẹn. Bóyá ó ń ya máàpù sójú pátákó. Bóyá ó ń tò lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ ra kẹrosíìnì. Kò rántí. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù: wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un lókè òkun, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Olúwatọ́mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ òfin ní yunifásítì, kò bá a yanu nígbà tó délé tó ròyìn rẹ̀.

"Dádì, àwọn aṣòfin ló kọ ọ́. Òun kàn buwọ́ lù ú ni. Ó sì jagun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di áńgẹ́lì."

"Ta ló pè é láńgẹ́lì? Ṣùgbọ́n ìwọ ò mọ ohun tí ìbuwọ́lùwé jẹ́. Ọdún méjì ni ìwé ìgbéga mi fi wà lórí tábìlì ọ̀gá kan ní Iléṣà. Ó péye. Ó kù kó buwọ́ lù ú. Bírò méjì ló máa ń wà lápò ọkùnrin yẹn, Tọ́mi. Méjì. Kò buwọ́ lù ú títí mo fi kúrò nílùú."

Nígbà tí Tọ́mi tún máa sọ̀rọ̀, ibi tó dun bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ bà. "Ṣé ẹ máa sọ fún Bùrọ̀dá Clinton?"

"Má dán an wò," Èyítáyọ̀ ní láti ilé ìdáná. "Bàbá Clinton, mo bẹ̀ ọ́. Ọmọ náà ti jìyà orúkọ yẹn tó. O fẹ́ wá sọ fún un pé lásán ló jẹ ẹ́?"

Wùmí, ìyàwó Clinton, ti bímọ obìnrin lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Sátidé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ kẹjọ, bàbá àgbà sì ní orúkọ kan láti sọ ọmọ. Clinton ti pè é tẹ́lẹ̀: "Dádì, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Orúkọ yòówù tẹ́ ẹ bá mú wá, kó má jẹ́ ti ààrẹ kankan o." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín nígbà náà. Báyìí, oorun kò kun Cornelius. Tó bá dákẹ́, irọ́ ni yóò máa pa fún ọmọ rẹ̀ títí ayé. Tó bá sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pé jọ sí ilé Clinton ní Clear Lake, níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ òfurufú. Oyin àti iyọ̀ wà lórí tábìlì. Nígbà tó kan bàbá àgbà, ó gba ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ọmọkùnrin rẹ̀.

"Kí n tó sọ ọ́ lórúkọ, gbèsè ọ̀rọ̀ kan wà tí mo jẹ bàbá rẹ̀." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀: lọ́tìrì, irin ọkọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo. Èyítáyọ̀ bo ojú.

"So," Clinton bẹ̀rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀, "gbogbo ọdún yẹn, ẹrù ẹlẹ́rù ni mo ń rù?"

"Ẹrù ẹlẹ́rù ni, ọmọ mi. Èmi ni mo dì í rù ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Kò sí ẹni tó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Bàbá Clinton rí.

"Ìyẹn ni pé George ló yẹ kẹ́ ẹ máa jẹ́, Bùrọ̀dá," Tọ́mi ní.

"Tọ́mi, gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ìyá rẹ̀ ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti já lẹ́nu Clinton, kó tó mọ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó súnmọ́ bàbá rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn buwọ́ lù ú, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ti wá a títí, mi ò rántí. Bóyá mò ń pọnmi."

Clinton, tó máa ń ṣírò ibi tí nǹkan máa wà lójú òfurufú títí dórí ìṣẹ́jú, mi orí. "Ẹ ò sì mọ̀ rárá."

"Mi ò mọ̀."

Clinton bojú wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ tó ń sùn lọ́wọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò.

"Òun náà ò mọ̀," ó ní. "Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, Dádì."

"Ìmoore," ni bàbá àgbà wí.

Clinton ló kọ́kọ́ pè é tẹ̀ lé e.