Ọ̀sán Tí Irin Sódà Bàbá Mi Kọ̀, Tí Kò Gbóná

Lánàá, mo gbé fóònù mi lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Bí òórùn òjé yíyọ́ ṣe gba imú mi báyìí, ọkàn mi ti padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ẹ̀fọ̀n, lọ́sàn-án ọjọ́ tí màmá mi ń rọbí ní ọsibítù. Àwọn nọ́ọ̀sì ti lé bàbá mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ ń da àwọn láàmú.

Ó ki irin sódà tó fi ń yọ́ òjé tún rédíò ṣe bọ iná mànàmáná, kò gbóná. Ó yọ ọ́, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó yẹ fíùsì wò, ó fọwọ́ tọ wáyà títí ó fi kan ibi tó ti já nínú. Ó so ó, ó fi téèpù dì í. Irin gbóná. Síbẹ̀, ó tún yọ ọ́ nínú iná, ó tún tú gbogbo rẹ̀.

Mo bi í pé, “Bàbá, ṣebí ó ti ń ṣiṣẹ́?”

“Kò tíì dá mi lójú.”

Bí ọ̀kadà bá ti ń gun òkè bọ̀, á dìde, á tún jókòó. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò màmá mi fò sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi orúkọ mi pe bàbá mi:

“Bàbá Fúnkẹ́, ọmọ ti dé o!”

Bàbá mi ò bi í bóyá akọ ni tàbí abo.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná.”

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.