Ẹni Tó Ń Dá Mi Lóhùn Láti Aguidi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Pobẹ̀ ṣòroó ṣàlàyé fún ará ilé mi. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò ni mo ti ń ṣe é. Èsì àyẹ̀wò máa ń gba orí ẹ̀rọ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ní Ṣakẹ́tẹ́ àti ní abúlé tó yí i ká. Bí ètò tó ń gbé èsì wọ̀nyí bá bà jẹ́, èmi ni mo máa ń wọ inú rẹ̀ lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá wọ ibẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wọlé, ìbéèrè mi á dún lórí tẹlifóònù ẹnì kejì mi, á wá tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí òun náà bá fẹ́ wọlé, tèmi ni yóò dún. Àwa méjì péré ni wọ́n fún láṣẹ, torí àìsàn ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé ń wò.

Ọ̀rẹ́ mi ni ẹnì kejì yìí, ọmọ Aguidi. Kì í tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkọ́kọ́ pè mí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Kí lo tún bà jẹ́?" Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá òun àti alùpùpù rẹ̀ lójú ọ̀nà Onigbolo. A sin ín. Mo padà sídìí iṣẹ́, inú ń bí mi sí gbogbo ènìyàn, àga rẹ̀ pàápàá ń bí mi nínú.

Kò pẹ́ ni ètò náà bà jẹ́. Ọ̀gá wa ní Kútọnu ti ní àwọn máa wá ẹlòmíì, a ò rí ẹnì kankan. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè mí ṣáá. Aboyún kan ń dúró de èsì rẹ̀. Mo kàn tẹ ìbéèrè náà torí pé n kò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Ẹ̀rọ fèsì pé ọ̀rẹ́ mi ti gbà. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn díẹ̀, kí n má parọ́.

Mo tún ètò náà ṣe, mo sì ròyìn fún ọ̀gá. Ó ní kí n lọ yọ òkú yẹn kúrò nínú ètò lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe pè é nìyẹn.

Mo wọkọ̀ dé Ṣakẹ́tẹ́, mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, dé ilé ìyá rẹ̀ ní Aguidi, ibi tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́, tẹlifóònù ọmọ rẹ̀ wà ní etí ìró rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń pè é ni?" ó bi mí. "Bó bá ti dún, mo fìka fa ìlà tó ń ṣí i bó ṣe máa ń fà á, mo wá tẹ èyí tó láwọ̀ bí ewé. N ò fẹ́ kí ọ́n sọ pé kò wá síbi iṣẹ́."

Mo ní, "Ìyá, wọ́n ní kí n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò."

"Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o, Ìyá."

Òfin wa burú: ẹnì kan kì í dá yọ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹnì kejì náà gbọ́dọ̀ gbà. Mo ṣí ẹ̀rọ mi lórí itan, mo tẹ ìbéèrè náà, tẹlifóònù sì dún ní etí ìró rẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún un, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìlà náà, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó dá tẹlifóònù náà padà sí etí ìró rẹ̀.

"Bí ẹ̀rọ yín bá tún bà jẹ́ ńkọ́," ó ní, "ta ni yóò máa dá ọ lóhùn?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni kankan, Ìyá."