Àtàǹpàkò Tó Bo Oòrùn

Òórùn èlùbọ́ tó ń gbẹ lórí àpáta ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá rántí Ṣakí ti ìgbà yẹn: òórùn kíkan díẹ̀, tó pò mọ́ ti eruku pupa, lásìkò ọyẹ́. Láti ìdí àpáta tí màmá mi ń sá iṣu sí la ti ń rí ọ̀nà ẹnubodè. Ọ̀nà yẹn ni bàbá mi gbà lọ ra ọjà, ọyẹ́ méjì sì ti kọjá tí a kò gbúròó wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ladáàní tó pe ìrun, màmá mi á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á na apá gbọọrọ, wọ́n á fi àtàǹpàkò bo oòrùn, kí wọ́n lè rí ẹni tó bá ń bọ̀ nínú eruku lábẹ́ rẹ̀. Èmi máa ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bò ó. "Wàá bo ọ̀nà mọ́ ọn," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. "Àtàǹpàkò tó o."

Mo wà ní ìwé kẹrin girama nígbà tí àgùnbánirọ̀ kan, obìnrin ará Ìjẹ̀bú, wá ń kọ́ wa ní físíìsì. Lọ́jọ́ kan, tíṣà yìí fi àwòrán kan hàn wá nínú ìwé ìròyìn: ìràwọ̀ kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tí eruku tẹ́ yí i ká bí àwo pẹrẹsẹ. Wọ́n ní inú irú eruku bẹ́ẹ̀ ni ayé tiwa yìí ti dì mọ́ra, pé àwọn onímọ̀ ń wá ayé tuntun tó lè máa dì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò tíì tó o, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà pọ̀ jù.

"Ọgbọ́n wo lẹ rò pé wọ́n dá tí wọ́n fi rí eruku náà pàápàá?"

Mo nawọ́. "Wọ́n fi nǹkan bo ìràwọ̀ náà ni mà, èyí tí kò tóbi jù. Bí màmá mi ṣe ń ṣe nìyẹn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Kí màmá ẹ kúkú wá máa kọ́ wa!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣe é, àwo kékeré kan ni wọ́n fi bo ìràwọ̀ náà nínú awò awọ̀nàjíjìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tíṣà tẹ̀lé mi délé. Wọ́n dúró ti màmá mi nídìí àpáta, àwọn méjèèjì na àtàǹpàkò.

"Tíṣà, kí lẹ̀yin náà ń wá?"

"Ayé ni, mà. Ayé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì."

"Háà! Wàhálà inú èyí ò tó yín ni?" Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn. "Ẹ ti wá rí i?"

"A ò tíì rí i, mà. Eruku ẹ̀ nìkan la rí."

Ẹ̀rín kúrò lójú màmá mi. "Eruku náà dáa. Níbi tí eruku bá ti sọ, nǹkan ń bọ̀ níbẹ̀."

Àfi bíi pé ọ̀nà gbọ́, eruku sọ lókèèrè. Lọ́rì ni. Màmá mi sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n fi etí ìró nu ìyẹ̀fun èlùbọ́ kúrò lójú. Òwú ló kún inú lọ́rì náà. Awakọ̀ mọ̀ wá. Kí a tó bi í léèrè rárá ló ti mi orí. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń bá màmá mi ṣa iṣu gbígbẹ sínú agbọ̀n.

Bàbá mi kò padà. Tíṣà padà sílé nígbà tí ọdún àgùnbánirọ̀ wọn pé. Màmá mi ń na àtàǹpàkò títí ojú wọn fi di bàìbàì, tó fi di pé èmi ni mo ń bá wọn wo ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú nígbà tí mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ ti rí ayé kan nínú eruku irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, ó sì dùn mí. Mo jáde lọ sídìí àpáta. Wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà náà. Eruku kì í sọ níbẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ ẹni kí ẹni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ló burú jù fún wa. Mo ti wá mọ̀ pé nígbà tí eruku ṣì ń sọ, a ṣì ní ẹni tí à ń retí.

Mo na àtàǹpàkò mi. Mo bo oòrùn, n kò bo ọ̀nà.