Ọwọ́ Òsì Nìkan Ni Mo Fi Kọ Ètò Ilé Búrẹ́dì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí! Ọ̀rọ̀ náà ti ń yún mi lẹ́nu, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Òjò ló fà á. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn níbùdókọ̀ rélùwéè l'Ágége, bàtà mi yọ̀, mo bá ṣubú lé ọwọ́ ọ̀tún. Egungun dá! Wọ́n fi POP dì í látòkè ìgbọ̀nwọ́ títí dé ìka, mi ò lè fi ọwọ́ yẹn mú ṣíbí.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo lẹ rò pé mò ń ṣe? Kóòdù ni mò ń kọ! Iléeṣẹ́ kékeré kan l'Ọ́gbà ni mo wà, a máa ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò. Wọ́n ṣì ń dán mi wò nígbà náà, wọn ò tíì kọnfáàmù mi. Ètò tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ ti ilé búrẹ́dì ńlá kan l'Ágége, òun ló máa sọ iye búrẹ́dì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbé láràárọ̀. Ọ̀gá wa ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: tí mo bá parí ètò yẹn, mo ti di òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn.

Ọ̀gá wá rí mi pẹ̀lú POP. Wọ́n bá mi kẹ́dùn dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé, pé àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Sinmi kẹ̀! Ta ló bẹ̀ wọ́n? Inú bí mi gan-an. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka òsì kan ṣoṣo tẹ kíbọ́ọ̀dù bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Kí n tẹ lẹ́tà kan, kí n na ọwọ́ sí máòsì, kí n tún padà. Omijé ti fẹ́ máa bọ́.

Àǹtí Ṣìkírá ló rí mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, àwọn ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ nínú wa. Ibi tí wọ́n ti ń kọ kóòdù yàtọ̀ sí ti gbogbo wa: ojú ẹ̀ dúdú lásán, kò sí àwòrán kankan tí wọ́n ń tẹ̀, wọn kì í sì í fọwọ́ kan máòsì. Kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan, àwọn fúnra wọn ló yan iṣẹ́ tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Wọ́n ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù mi wá, pé àwọn á to irú ẹ̀ fún mi, èyí tí ọwọ́ òsì nìkan á tó.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́! Àǹtí yìí yọ ìborùn kan nínú báàgì, wọ́n ní kí n bá àwọn fi so ọwọ́ ọ̀tún àwọn mọ́ àyà. Èmi ọwọ́ kan, àwọn náà ọwọ́ kan, la fi ta kókó ẹ̀! Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè pé ṣé POP ti ń ràn ni. Àǹtí ò wo ojú ẹ̀. Wọ́n ní tí ọwọ́ àwọn méjèèjì bá wà nílẹ̀, àwọn ò lè mọ ibi tó máa ni mí lára.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ́tìnnì tó bá jìnnà sí ìka, wọ́n á pòṣé, wọ́n á yí i padà. Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn lẹ́tà apá ọ̀tún á bọ́ sábẹ́ ìka òsì mi. Tí mo bá tẹ Caps Lock, lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e di àṣẹ. Wọ́n bi mí pé kí ni mo máa ń sọ lọ́kàn tí mo bá fẹ́ wá nǹkan. Mo ní "wá" ni. W nìyẹn! G láti gé e kúrò, R láti rọ́pò ẹ̀, D láti dá ohun tí mo bà jẹ́ padà, F láti fi iṣẹ́ pamọ́. Gbogbo ẹ̀, apá òsì! Ọpọlọ wọn mà pé o!

Kò kọ́kọ́ rọrùn ṣá. Mo gé ohun tó yẹ kí n wá, mo bú kíbọ́ọ̀dù, mo bú òjò, díẹ̀ ló kù kí n bú Àǹtí alára. Wọ́n kàn ní kí n tẹ D. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ń sáré ju ẹnu mi lọ, ẹ sì mọ bí ẹnu mi ṣe rí! Ọ̀gá náà rí i, wọ́n ní kí n ṣì máa bá iṣẹ́ náà lọ ná.

Ọjọ́ tí èmi àti ọ̀gá gbé ètò náà lọ sí ilé búrẹ́dì, mo há láptọ́ọ̀pù mi mọ́ abíyá òsì. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba gbogbo ibẹ̀. Màmá tó ni ilé búrẹ́dì wò ó, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí ló dé tí búrẹ́dì tí wọ́n ti gé àti odindi ṣe wà pa pọ̀? Àwọn fẹ́ kí a pín wọn sọ́tọ̀, torí pé lọ́la làwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọ̀gá ní kí n sún, pé àwọn á bá mi ṣe é. Háà! Ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ń tẹ̀, ọ̀tọ̀ lohun tó ń jáde, torí pé ọwọ́ òsì mi la to kíbọ́ọ̀dù náà fún. Wọ́n wojú mi.

Mo rọra fa láptọ́ọ̀pù mi padà. W, mo ti débẹ̀. R, mo tún un kọ. F. Màmá ṣì ń bi ọ̀gá léèrè ohun tó ṣe ọwọ́ mi nígbà tí mo ní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n wo POP, wọ́n wá ní ọmọ yìí làwọn fẹ́ kó máa bójú tó ètò àwọn, kí ọ̀gá má gbé ẹlòmíì wá o.

Wọ́n kọnfáàmù mi! Nígbà tí mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, Àǹtí Ṣìkírá ò gbà. Wọ́n ní ọpẹ́ kọ́ làwọn ń wá, ṣé mo ti jẹun?

Wọ́n ti tú POP báyìí, mi ò sì yọ ọ̀kankan nínú àwọn àṣẹ yẹn kúrò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé irinṣẹ́ ló yẹ kó bá ara èèyàn mu. Ọ̀pọ̀ ló káàánú mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló so ọwọ́ tiẹ̀ kó lè mọ bó ṣe ń ṣe mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ fún yín rí? Ẹ dárúkọ wọn sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká bá yín kí wọn!